Gaiman ní Patagonia: báwo ni wọ́n ṣe ń dáko níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀?

Ayọ̀_Akàwé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ìbéèrè mi dá lórí Gaiman, ìlú kékeré kan ní àfonífojì odò Chubut, gúúsù Ajẹntínà. Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀, tíì àti kéèkì ni wọ́n ń sọ: pé àwọn ará Wales ló tẹ̀ ẹ́ dó, pé Diana ìyàwó ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu tíì níbẹ̀ lọ́dún 1995. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń bọ́ ìlú.

Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí 200 mìlímítà lọ, síbẹ̀ wọ́n ní àlìkámà ibẹ̀ gba ẹ̀bùn ní Páríìsì lọ́dún 1889. Báwo ló ṣe jẹ́? Kí ló wá dé tí wọn kò gbin àlìkámà náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ńkọ́, kí ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́ dá mi lóhùn.

---

Baba_Onítàn fèsì:

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Omi pínpín ni ìdí gbogbo rẹ̀. Jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi Mimosa gbéra ní Liverpool lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1865, ó gúnlẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Keje síbi tí à ń pè ní Puerto Madryn báyìí. Nǹkan bí 150 èèyàn ló kó. Oníwàásù kan ní ìlú Bala, Michael D. Jones, ló gbé èrò náà kalẹ̀. Lewis Jones àti Edwin Roberts ló ṣíwájú wọn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó wọkọ̀ kì í ṣe àgbẹ̀ rárá. Awakùsà èédú wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ilẹ̀ tí onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti ní máa yọ wọ́n lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fìyà jẹ ọmọ wọn nílé ìwé torí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀. Igbó ẹlẹ́gùn-ún àti atẹ́gùn ni wọ́n bá. Omi mímu kò sí létíkun, wọ́n sì ní láti rin ohun tó lé ní 60 kìlómítà kí wọ́n tó kan odò Chubut. Wọ́n dá abúlé Rawson sílẹ̀ lẹ́bàá odò náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi orúkọ mínísítà Guillermo Rawson tó ràn wọ́n lọ́wọ́ sọ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ rèé: wọ́n gbin àlìkámà síbi tí koríko wà, wọ́n gbójú sókè wòjò bí ẹni wà ní Wales. Ilẹ̀ dúdú tí kò hu ohunkóhun, wọ́n kà á sí ilẹ̀ tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yẹn gan-an ló lọ́ràá, omi ni kò rí mu. Irúgbìn àkọ́kọ́ ò ṣe dáadáa, èkejì náà ò ṣe dáadáa. Oúnjẹ tí ìjọba Ajẹntínà ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ, àti ẹran guanaco, ẹranko igbó ibẹ̀ tó jọ ràkúnmí kékeré, tí àwọn Tehuelche, àwọn ọlọ́dẹ tó ni ilẹ̀ náà, kọ́ wọn láti máa pa tàbí tí wọ́n ń fi búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1867 díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn palẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Aaron Jenkins rí i pé odò ti kún débi pé ojú rẹ̀ ga ju ilẹ̀ oko òun lọ. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀, Rachel, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ó fi ṣọ́bìrì la ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti etí odò, omi wọ inú ilẹ̀ dúdú náà, àlìkámà sì yọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kálukú ti ń la tirẹ̀.

Ibi tí Gaiman ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà kò tíì sí nígbà náà. Ìsàlẹ̀ odò, nítòsí òkun, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbé. 1874 ni David D. Roberts kọ́ ilé àkọ́kọ́ ní Gaiman, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó tún ti òkè òkun dé láàárín àwọn ọdún yẹn ló kún àfonífojì náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà omi bíi ti Jenkins ò lè bọ́ ìlú. Ìgbà tí odò bá kún nìkan ló wúlò. Tí odò bá fà, omi á wà nísàlẹ̀, oko á wà lókè. Tí èèyàn bá fẹ́ kí omi dé nígbà gbogbo, ó ní láti lọ mú un láti ọ̀pọ̀ kìlómítà lókè odò, kò sì sí àgbẹ̀ kan tó lè dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbẹ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ olómi sílẹ̀, kálukú fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹṣin rẹ̀ ra ìpín, ìpín náà ló sì fún un láṣẹ láti gba omi. Nínú àṣà yìí ni ohun tó kù ti wá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ń ra àlìkámà wọn ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní 1885, Compañía Mercantil del Chubut, tó ń bá wọn ta ọjà, tó ń bá wọn ra ohun èlò, tó sì ní ẹ̀ka ní Gaiman. Ọdún 1885 yẹn náà ni Gaiman di ìlú àkọ́kọ́ ní Chubut tó ní ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀. Nínú òfin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣàkóso ara wọn, ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè dìbò, ọkùnrin àti obìnrin. Ní Ajẹntínà lápapọ̀, ó di 1947 kí òfin tó fún obìnrin láyè láti dìbò.

Rélùwéè Puerto Madryn sí Trelew, ìlú tó wà nísàlẹ̀ Gaiman, parí ní 1888, ó dé Gaiman ní 1909, wọ́n sì gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè inú ìlú kó lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n pa á tì ní 1961. Ilé ìdúró ọkọ̀ náà ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Omi tó gbé wọn ró náà ló fẹ́ẹ̀ pa wọ́n run. Ní oṣù Keje ọdún 1899, odò kún àkúnya, ó bo àfonífojì láti ẹsẹ̀ òkè kan dé èkejì, ó wó ilé, ó wó ilé ìjọsìn, ó wọ́ àwọn ọ̀nà omi lọ. Ó tún kún ní 1901. Ní 1902, èèyàn tó ju 200 lọ kó ẹrù wọn, wọ́n ṣí lọ sí Saskatchewan ní Kánádà. Ìgbà tí dáàmù Florentino Ameghino parí ní 1963 ni ẹ̀rù irú ìkún omi bẹ́ẹ̀ tó rọlẹ̀.

---

Àgbẹ̀_Olómi fèsì:

Baba ti sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí omi náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa Gaiman máa ń sá fún.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni. Ẹ̀nu ibi tí wọ́n ti ń gba omi wà lókè odò, ní ìwọ̀-oòrùn àfonífojì. Odò ń sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yára bí odò. Tí méjèèjì bá ti jọ rìn jìnnà, ọ̀nà omi á ti ga ju odò àti oko lọ, omi inú rẹ̀ á sì fúnra rẹ̀ ṣàn wọ oko. Ọ̀kan gba apá àríwá, ọ̀kan gba apá gúúsù, àwọn kéékèèké sì yà lára wọn lọ sí oko. Ní Dolavon, ìlú tó wà lókè Gaiman, wọ́n ṣe àgbá kẹ̀kẹ́ igi ńláńlá sójú ọ̀nà omi. Omi tó ń ṣàn ló ń yí i, òun náà ló sì ń bu omi sókè sí ọgbà tó ga ju ojú omi lọ.

Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé nǹkan bí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n á tì í, ọ̀nà omi á gbẹ, wọ́n á sì kó ẹrẹ̀, koríko àti gbòǹgbò igi inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ yìí falẹ̀ ń pa ará ìsàlẹ̀ rẹ̀ lára ju ara rẹ̀ lọ: ẹrẹ̀ á mú kí omi rọra, koríko á hù sí i, omi tí ì bá kan oko tó kẹ́yìn á ti rì sínú ilẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nínú oko, bí wọ́n ṣe ń bomi rin alfalfa, koríko tí wọ́n ń gbìn fún ẹran ọ̀sìn jẹ, rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ilẹ̀ dọ́gba, kó kàn máa rẹlẹ̀ ní nǹkan bí mítà kan sí méjì nínú kìlómítà kan. Wọ́n á wá fi ebè gbọọrọ tí kò ga ju 20 tàbí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ pín in sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ sí méjìlá. Tó bá kan ẹni, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ olómi á ṣí ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru. Onítọ̀hún á ṣí ọ̀wọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, á sì máa tẹ̀ lé iwájú omi pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kò ní dúró kí omi dé òpin kó tó tì í. Tó bá ti dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti tó. Èyí tó ti wà lórí ilẹ̀ á rìn dé òpin fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ amọ̀, á tètè tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ilẹ̀ yanrìn, á jẹ́ kó pẹ́ sí i. Tí omi bá dá rọ́gọ́dọ́ lórí alfalfa ju ọjọ́ kan lọ nínú oòrùn, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Tí ihò eku bá wà lára ebè, omi á gba ibẹ̀ lọ sí oko aládùúgbò, ìjà á sì dé. Ẹni tó bá sùn mọ́ àsìkò rẹ̀ á dúró di ìgbà tí yóò tún kàn án.

Ọ̀tá tó burú jù níbẹ̀ ni iyọ̀, ó ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Omi tí wọ́n bá dà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ á rì, á gbé omi abẹ́ ilẹ̀ sókè. Tó bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ tó mítà kan, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa fà á sókè, atẹ́gùn Patagonia á gbẹ omi náà, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ẹ á rí i bí ìyẹ̀fun funfun lójú poro. Oògùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni gọ́tà jíjìn, mítà kan ààbọ̀ sí méjì, tó ń gbé omi abẹ́ ilẹ̀ padà sí odò, kí wọ́n sì da omi púpọ̀ lé ilẹ̀ lórí kó fọ iyọ̀ náà wọ inú gọ́tà. Tí kò bá sí gọ́tà, omi púpọ̀ yẹn á tún gbé iyọ̀ mìíràn wá ni.

---

Ayọ̀_Akàwé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá. Ṣé iyọ̀ yìí ló wá pa àlìkámà?

---

Àgbẹ̀_Olómi:

Ó wà lára rẹ̀, òun nìkan kọ́. Bí rélùwéè ṣe ń tàn ká ilẹ̀ Pampas, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá inú Ajẹntínà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ sì tẹ́ lọ bí ẹní, àlìkámà pọ̀ lọ́jà. Àgbẹ̀ Chubut tó ń sanwó omi, tó ń gbẹ́ gọ́tà, tó sì tún ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà lọ sí Buenos Aires, báwo ni yóò ṣe bá wọn dù ú? Alfalfa ló rọ́pò rẹ̀: ó ń fara da iyọ̀ díẹ̀ tó bá ti dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ jìn, àgùntàn àti màlúù sì ń jẹ ẹ́. Irúgbìn rẹ̀ náà ní ọjà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Baba sọ̀rọ̀ rẹ̀ wó láàárín àwọn ọdún 1930, gbèsè ló wó o.

Wọ́n ń gé alfalfa lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín ìgbà ooru. Ìgbà tí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá ti tanná ni wọ́n ń gé e. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ á le, ẹran ò ní fẹ́ jẹ ẹ́. Òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń wọ́ ọ jọ. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn á ti gbẹ ewé rẹ̀ hán-ún hán-ún, á máa já sílẹ̀, ewé yẹn sì ni oúnjẹ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ dì í nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ, tórí ìdì tútù á bu, á gbóná láti inú, ó sì lè gbiná nínú àká.

Igi poplar gíga tíẹẹrẹ tí ẹ ń rí nínú gbogbo àwòrán Gaiman kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń dá atẹ́gùn dúró. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ó rí i bí iyẹ̀pẹ̀ á ṣe máa gé ọmọ irúgbìn nídìí.

---

Ìyá_Oníkéèkì fèsì:

Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa. Nípa iṣẹ́ òòjọ́: Trelew kò ju nǹkan bí 17 kìlómítà lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará Gaiman ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síṣẹ́ níbẹ̀ tàbí ní Rawson tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù á tì, ìlú á dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á tún ṣí nírọ̀lẹ́. Mate, ewé tí wọ́n ń da omi gbígbóná lé, ni wọ́n ń mu láàárọ̀ nínú igbá kékeré, bíi gbogbo ará Ajẹntínà. Tíì oníkéèkì yẹn, ti ilé tíì ni, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí tíì di ti gbogbo ìlú ni ọjọ́ 28 oṣù Keje, àjọ̀dún ìgbà tí Mimosa gúnlẹ̀: wọ́n á tẹ́ tábìlì gígùn sínú ilé ìjọsìn, búrẹ́dì àti bọ́tà, jáàmù, àti kéèkì dúdú.

Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, tòmátò, àlùbọ́sà, lẹ́túùsì, ọwọ́ àwọn ìdílé tó wá láti Bòlífíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá báyìí. Ó yẹ ká máa dárúkọ wọn pẹ̀lú tí a bá ń ka àwọn tó ń mú ilẹ̀ náà so. Àwọn mìíràn ń gbin ṣẹ́rì tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, wọ́n sì ń ká a ní nǹkan bí oṣù Kejìlá. Ohun tó ń ba ṣẹ́rì jẹ́ ni òtútù dídì tó ń bọ́ lóru nígbà tí igi bá ti tanná. Wọ́n á tú omi sórí igi láti òru mọ́jú. Bí omi náà ṣe ń dì ló ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, òdòdó inú rẹ̀ kò sì ní kú. Ṣùgbọ́n tí omi bá dá dúró kí oòrùn tó là, ó sàn kó má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kéèkì dúdú náà, torta negra, oúnjẹ ìpamọ́ ni, ìdí tó fi ní ṣúgà, ọtí àti èso gbígbẹ púpọ̀ nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan tó dára rèé: fúláwà 500 gíráàmù, ṣúgà dúdú 400, bọ́tà 200, ẹyin mẹ́rin, èso àjàrà gbígbẹ 250, èso tí wọ́n fi ṣúgà pa mọ́ 150, walnut 200, ṣíbí oyin méjì, ọtí rum tó bí ìdajì kọ́ọ̀pù, ṣíbí kékeré kan sódà ìyan-kéèkì (baking soda), kínámónì àti nutmeg. Ẹ rẹ èso sínú ọtí láti alẹ́. Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi fúyẹ́, ẹ fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà oyin, lẹ́yìn náà fúláwà àti àwọn èròjà olóòórùn. Kí ẹ tó da èso sí i, ẹ fi fúláwà díẹ̀ yí i lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á rì sí ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ tẹ́ bébà sínú agolo, kí ófùn má ju 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹni tó bá kánjú tó mú iná pọ̀, orí kéèkì á là, inú rẹ̀ á sì tutù.

Ẹ má gé e lọ́jọ́ tí ẹ yan án. Ẹ wé e, ẹ gbé e sínú agolo tó dé dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, wọ́n máa ń pa apá kan kéèkì náà mọ́ títí di àyájọ́ ọdún àkọ́kọ́, wọn á sì bá a tí kò bàjẹ́.

---

Ọmọ_Elédè fèsì:

Ẹ kú àlàyé o, ìyá wa. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un, torí mo rí i tí àwọn èèyàn ń kọ ọ́ kiri pé èdè Welsh ni gbogbo Gaiman ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Sípéènì ni ẹ ó gbọ́ lọ́jà, lọ́fíìsì, nílé ìwé ìjọba. Welsh wà nínú orin ìjọsìn, nínú ẹgbẹ́ akọrin, lẹ́nu àwọn àgbà, àti nínú kíláàsì.

Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, Welsh ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ìjọba Ajẹntínà ti sọ Sípéènì di dandan. Wọ́n dá ilé ìwé girama Coleg Camwy sílẹ̀ ní Gaiman lọ́dún 1906. Ó tì lẹ́yìn náà, ó sì tún ṣí ní 1963. Àjọ̀dún 100 ọdún, ní 1965, mú kí àwọn ará Wales tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti 1997 sì ni ètò kan ti ń fi olùkọ́ ránṣẹ́ láti Wales. Níbi ìdíje ewì àti orin tí wọ́n ń pè ní Eisteddfod, ẹni tó bá fi Welsh kéwì tó borí á gba àga, ẹni tó fi Sípéènì kéwì tó borí á gba adé. Ti àwọn ọ̀dọ́ máa ń wáyé ní Gaiman ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, ti àgbà ní Trelew ní oṣù Kẹwàá.

Ohun kan tún kù tí wọn kì í fẹ́ sọ. Wọ́n máa ń yin àwọn ará Wales pé àlàáfíà ni wọ́n fi bá àwọn Tehuelche gbé, òótọ́ sì ni dé ìwọ̀n tó pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1878 sí 1885, ọmọ ogun Ajẹntínà lé àwọn ẹ̀yà tó ni Patagonia kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n pa, wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn tó kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń dọdẹ kò ní ìpín kankan nínú àwọn ọ̀nà omi wọ̀nyẹn.

Ayọ̀, tó o bá ń ronú àtilọ, má lọ ní oṣù Keje tó o bá fẹ́ rí oko. Ọ̀nà omi á ti gbẹ, igi á ti wọ́wé. Oṣù Kọkànlá ni kó o lọ, kó o gba Puerto Madryn, ó fi nǹkan bí 65 kìlómítà jìnnà sí Trelew, bọ́ọ̀sì sì ń lọ láti Trelew sí Gaiman lójú ọ̀nà 25.